Eruku Tí Ń Jẹ Irin

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Pobẹ̀ lọ sí Kétu rí yóò mọ ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì tí ó wà ní Onígbòlò. Irú rẹ̀ wà ní Ewékorò ní Nàìjíríà, ó sì wà ní Tabligbo ní Tógò. Ohun tí ẹni tí ń kọjá lọ máa ń rí ni ilé gíga, èéfín, àti àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń ru àpò. Kì í rí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bá dúró, gbogbo ilé iṣẹ́ náà ni yóò dúró. Iṣẹ́ jórinjórin ni mo kọ́, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sì ni mo fi ọwọ́ mi tọ́jú láti ọdún 1986 títí di ọdún 2014. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú ibi tí mo dárúkọ yìí ni mo ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni. N kò ní sọ orúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ìyìn nìkan ni mo ní láti sọ nípa rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé fáànù inú yàrá ni mo ń wí. Eléyìí jẹ́ kẹ̀kẹ́ irin tí ó ga ju ènìyàn lọ. Apá irin mẹ́wàá tàbí méjìlá ni ó wà lára rẹ̀. A kì í rí i láti ìta, nítorí pé inú ilé irin tí ó ká bí ìkarahun ìgbín ni ó wà. Afẹ́fẹ́ a máa gba àárín kẹ̀kẹ́ wọlé, àwọn apá náà a gbá a sí ẹ̀gbẹ́, a sì gba ẹnu ìkarahun jáde. Èyí tí mo tọ́jú pẹ́ jù lọ fẹ̀ ní mítà méjì láti etí dé etí, ó sì ń yí nǹkan bí ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: etí apá rẹ̀ ń sáré ju kìlómítà 370 lọ ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ kan ní ọ̀nà Kútọnu tí ó ń sá bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Láti ṣe símẹ́ńtì, a ó fọ́ òkúta ẹfun, a ó fi amọ̀ àti yanrìn díẹ̀ sí i, a ó lọ̀ ọ́ kúnná nínú ọlọ ńlá, lẹ́yìn náà a ó sun ún nínú ìléru tí ooru rẹ̀ tó 1450 dígírì. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ooru láti inú ìléru gba inú ọlọ kọjá, kí òkúta tí a ń lọ̀ lè gbẹ. Ó ń fà á bí ọmọdé ti ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fa omi mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru nìkan ni ó ń bọ̀. Eruku ń bá a bọ̀, tọ̀sán tòru. Eruku yìí ni ó ń jẹ ẹ̀rọ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Eruku ha lè jẹ irin bí?" Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni bàbá wọn fi ń pọ́n àdá. Wọ́n á ní òkúta ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èwo nínú méjèèjì ni ó ti tín-ín-rín? Àdá ni. Ẹyọ eruku kọ̀ọ̀kan jẹ́ òkúta ìpọ́nàdá kékeré tí ojú kò lè rí.

Kì í ṣe gbogbo eruku ni ó burú bákan náà. Ní ọdún 1812, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedrich Mohs to àwọn òkúta lẹ́sẹẹsẹ láti 1 dé 10, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó lè ha èkejì lára. Òkúta ẹfun wà ní ipò 3. Irin tí a fi ń kan ẹ̀rọ lásán wà láàárín 4 sí 5. Nítorí náà ẹfun nìkan kò ní agbára púpọ̀ lórí irin. Ṣùgbọ́n yanrìn tí ó wà nínú rẹ̀ wà ní ipò 7. Òun ni olè inú ilé. Mo ti rí apá irin tí ó nípọn tó ìka mi tí ó di bébà ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, ibi tí ó ti jẹ sì ń dán bí àwo tí a fi eérú fọ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa bí eruku ti ń jẹun. Èkínní ni eré. Bí eré eruku bá di ìlọ́po méjì, jíjẹ rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ó máa ń di ìlọ́po mẹ́rin, ó sì lè dé ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kàn sún eré ẹ̀rọ sókè díẹ̀ kò mọ ohun tí òun sún. Èkejì ni ọ̀nà tí eruku gbà kọlu irin. Èyí tí ó bá kọlù ú gbọnrangandan kì í bà á jẹ́ tó èyí tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ há a, bí ọkọ́ tí a dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ń há koríko kúrò nílẹ̀. Amọ̀ sísun líle tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ irin yàtọ̀ sí èyí. Ó fara da híhá, ṣùgbọ́n ìkọlù gbọnrangandan a máa fọ́ ọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ibi tí eruku ti ń wá àti bí ó ti ń rìn, kí ó tó pe oníṣòwò irin.

Ibi tí ó máa ń jẹ jù kò pamọ́. Afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kọ́nà lójijì kí ó tó lè gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ó lè ṣẹ́ kọ́nà. Eruku wúwo, kò lè ṣe é. Ó dà bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó fi eré dé kọ́nà: ó ń lọ tààrà ni. Níbo ni ó ń lọ? Ara àwo irin tí ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ibi tí ẹsẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan ti lẹ̀ mọ́ àwo náà. Ibẹ̀ gan-an sì ni ojú tí a jó, ibi tí agbára apá náà wà. Bí ó bá jẹ́ etí apá nìkan ni eruku ń jẹ ni, n kì bá tí kọ ìwé yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, ọyẹ́ mú púpọ̀. Ọjà símẹ́ńtì ń yá, àwọn ọ̀gá sì fẹ́ kí ọlọ máa lọ̀ sí i. Wọ́n fi kún eré ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn apá ti lu. A jó irin mọ́ wọn. Wọ́n tún lu. Wọ́n wá ra àwọn pátákó irin kan láti Yúróòpù, tí a ti fi krómíọ̀mù àti kábọ́ọ̀nù ṣe ojú wọn kí ó le. Nǹkan dáradára ni, n kò bú u. Ojú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ayùn kò fi lè há a. Ṣùgbọ́n ohun tí ó le púpọ̀ a máa sán. Bí a ti ń ṣe pátákó bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn pa. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀, kì í sì í ṣe àbùkù, níwọ̀n ìgbà tí sísán náà bá dúró lójú pátákó, tí kò wọ inú apá tí a jó o mọ́. Wọ́n sì tún wúwo. Kẹ̀kẹ́ tí a kò ṣe fún ẹrù bẹ́ẹ̀ ni a dì wọ́n lé lórí.

Ọ̀gá wa nínú iṣẹ́ irin jẹ́ ọmọ Ṣábẹ, àgbàlagbà ni, Bàbá Ṣábẹ ni gbogbo wa ń pè é. Kò mọ̀wé púpọ̀ nígbà náà. Ní àràárọ̀, a máa gbé owó irin 100 sẹ́fà nàró sórí ilé bíárìn tí ó gbé ọ̀pá ẹ̀rọ náà ró. Bí owó náà bá dúró, inú rẹ̀ dùn. Bí ó bá ṣubú, a máa gbé ọwọ́ lé irin náà, a sì dijú bí ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn. Àwọn ẹlẹ́rọ ní irinṣẹ́ tí ń ka gbígbọ̀n, ó sì dára ju owó irin lọ, ṣùgbọ́n tiwọn ti bàjẹ́ láti oṣù méjì, ìwé tí a fi bèèrè òmíràn ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Ní ọjọ́ kan owó náà kò dúró rárá. Ó ń fò ni.

Bàbá lọ bá ẹnjiníà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọlúàbí sì ni.

Bàbá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a pa ẹ̀rọ yìí lálẹ́ òní."

Ó ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó kù kí a parí ẹrù tí a ti gba owó rẹ̀. Bí mo bá pa á lónìí, èmi ni wọn yóò bi."

Bàbá ní, "Ọmọ mẹ́fà ni ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ọ̀gá. Èmi ni mo mú mẹ́rin nínú wọn wá láti ilé. Ta ni yóò lọ bá àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀?"

Ẹnjiníà kò dáhùn. Ó tẹ̀lé wa lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé e. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ sí ìwé pé kí a pa á. Mo mọ̀ pé wọ́n bá a wí nítorí rẹ̀.

Nígbà tí a wọ inú ìkarahun náà ní ọjọ́ kejì, a rí i pé ẹsẹ̀ apá kan ti là, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Pátákó kan tí ó tó kìlò mẹ́rin ti ń mì bí eyín ọmọdé tí ó fẹ́ ká. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kìlò mẹ́rin jẹ́ níbẹ̀. Bí kìlò kan bá wà ní mítà kan sí àárín kẹ̀kẹ́ tí ń yí ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń fa ara rẹ̀ sóde bí ohun tí ó wúwo ju kìlò 1100 lọ. Àpò símẹ́ńtì 22 nìyẹn, fún kìlò kan. Ẹ wá fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Ara ìkarahun tí ó bò ó kò nípọn tó èyí tí yóò dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró. Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé, bí eruku bá jẹ apá kan ju èkejì lọ, gbogbo ẹ̀rọ náà yóò máa gbọ̀n: ìwọ̀n irin díẹ̀ tí ó kù síbì kan tí kò sí ní òdìkejì ni ó ń fa ọ̀pá náà kiri.

Àwọn ọ̀gá fẹ́ kí a tún ra pátákó tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ṣábẹ kọ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ wá ẹni tí ń gbé eruku wá. Àbí kí ni eruku ń wá níbẹ̀? Wọ́n kò ṣe ẹ̀rọ náà kí eruku lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ọlọ, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú síkílóònù, lẹ́yìn náà inú àwọn àpò asẹ́, kí ó tó kan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, afẹ́fẹ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ ti mọ́.

Àwọn ìyá wa mọ síkílóònù, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fẹ́ àgbàdo, afẹ́fẹ́ a gbé èèpo lọ, ọkà a sì bọ́ sílẹ̀. Síkílóònù jẹ́ ìkòkò irin gígùn tí ìdí rẹ̀ rí sóńsó. Afẹ́fẹ́ ń yí nínú rẹ̀ bí ìjì. Eruku tí ó wúwo a kọlu ara ògiri, a yọ̀ wálẹ̀ sí ìdí. Ní ìdí náà, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí ó ń ṣí kí eruku lè jáde, tí ó sì gbọ́dọ̀ pa dé gírígírí lẹ́yìn rẹ̀. Tiwa kò pa dé mọ́. Òkúta kan ti há sí i lẹ́nu. Nítorí pé ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ìta ń gba ìdí síkílóònù wọlé, ó ń tún gbé eruku tí ó ti bọ́ sílẹ̀ dìde, ó sì ń dà á sókè. Ohun tí ó yẹ kí ó mú eruku ni ó wá ń fi ránṣẹ́.

Àwọn àpò asẹ́ ńkọ́? Aṣọ ni wọ́n. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ni a rí tí ó ti ya. Aṣọ o! Nítorí aṣọ tí ó ya ni a ṣe ń ra irin láti Yúróòpù. Mo rò ó di òní, ó ṣì ń bí mi nínú. Pátákó irin ní orúkọ, ó ní ìwé, ọ̀gá lè fi han àlejò. Ta ni yóò fi àpò aṣọ han àlejò?

A pààrọ̀ àwọn àpò. A tún ilẹ̀kùn ìdí síkílóònù ṣe. A rìn yí gbogbo páìpù ńlá náà ká, a ń gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń sú fèé, a sì jó gbogbo ihò pa. Ìyẹn ni ó ṣí ọ̀nà fún ohun tí àwọn ọ̀gá bẹ̀rù jù, èyíinì ni kí a dín eré ẹ̀rọ kù. Wọ́n rò pé ọlọ kò ní rí afẹ́fẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti ń fi agbára rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ ojúlé gba inú ihò. Bí ihò ti dí, a dín eré kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọlọ kò sì mọ̀ ọ́n. Iná tí mọ́tò ń jẹ dín kù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, nítorí bí eré ti ń dín díẹ̀ ni iná ń dín púpọ̀. Akọ̀wé owó ni ó kọ́kọ́ wá dúpẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó lo pátákó líle, ní ẹsẹ̀ apá nìkan, níbi tí eruku tí ó bá ṣì kù yóò kọlù. A fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára pẹ̀lú ẹfun, a sì fi àwọn tí ó dọ́gba dojú kọ ara wọn. A wá yí kẹ̀kẹ́ náà wò títí ó fi dúró jẹ́ẹ́ láìsí apá kan tí ó ń wá ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá jó irin mọ́ kẹ̀kẹ́ tí kò ṣe èyí, ó sàn kí ó má jó o.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí a bá pa iná ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, kò túmọ̀ sí pé kẹ̀kẹ́ yóò dúró. Afẹ́fẹ́ tí ń gun inú símínì lọ sókè lè máa yí i ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ènìyàn ti wọ inú rẹ̀. A máa ń fi igi àti ìrin há a, a sì máa ń fi àgádágodo ti ibi tí a ti ń tan iná. Bí ènìyàn mẹ́rin bá wọlé, àgádágodo mẹ́rin ni, kọ́kọ́rọ́ kálukú sì wà ní àpò rẹ̀. Kí a sì fi nǹkan bo imú, nítorí yanrìn tí ó ń jẹ irin kò ní fi ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀. Àìsàn tí ó ń dá sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní ìwòsàn.

Nísinsìnyí tí mo ti padà sílé, iṣẹ́ kékeré ni mo ń ṣe. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì wá bá mi láti apá Glazoué. Ẹ̀rọ náà ní fáànù tí ń fẹ́ èèpo dànù, àwọn apá rẹ̀ sì ti jẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wá irin tí ó le jù." Mo bi í pé ibo ni wọ́n ti ń pa ìrẹsì náà. Ó ní ilẹ̀ lásán ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Èèpo ìrẹsì fúnra rẹ̀ ti le, nítorí ohun tí ó wà nínú yanrìn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá tún wá fi yanrìn ilẹ̀ kún un, kí ni fáànù yóò ṣe? Mo ní kí ó ra tápólì, kí àwọn tí ń mú ìrẹsì wá bá a máa pa á lé e lórí, kí ó sì fi asẹ́ sí ẹnu ẹ̀rọ. Mo gé pélébé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún apá kọ̀ọ̀kan, mo wọ̀n wọ́n kí wọ́n dọ́gba, mo sì fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n dípò kí n jó wọn mọ́ ọn, kí ó lè máa pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà, ó sì ń kùn pé tápólì wọ́n ju iṣẹ́ mi lọ. Ìkórè kejì ni wọ́n wà yìí. Kò tíì pààrọ̀ ọ̀kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ní etí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán.